Iye Óòmù Ni Kí Ẹ Béèrè, Ẹ̀yin Réwáyà!

Inú ń bí mi, n kò sì ní fi pamọ́. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni mo gbé ọkọ̀ mi lọ bá réwáyà kan ní agbègbè Tákìé, nílùú Ògbómọ̀ṣọ́ yìí, pé kí ó bá mi so áńpù kan (ẹ̀rọ tí ń fi agbára kún ohùn) àti wúfà méjì (ẹ̀rọ tí ń gbé ohùn ńlá jáde) mọ́ rédíò. Títí tí ó fi gbowó, kò béèrè iye óòmù, ìyẹn òṣùwọ̀n bí nǹkan ṣe ń dí iná lọ́nà, tí wúfà wọ̀nyí ní, bẹ́ẹ̀ ni kò fi mítà kàn wọ́n wò. Ohun kan ṣoṣo tí ó rí kà ni 3000 wáàtì tí wọ́n kọ gàdàgbà sára páálí áńpù, ó sì ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí ó jẹ tẹ́tẹ́.

3000 wo? Fíúsì méjì ni ó wà lára áńpù yẹn, áńpíà 30 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 60. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, nǹkan bíi fóòtì (volt) 14 ni iná ọkọ̀, nítorí náà bí a bá fi 14 sọ 60 di púpọ̀, 840 wáàtì ni ó pọ̀ jù tí yóò máa wọlé, oríṣi áńpù tí wọ́n ń pè ní AB tí mo rà yìí sì lè sọ nǹkan bí ìdajì rẹ̀ di ooru lásán. Iye RMS, èyí tí ẹ̀rọ lè máa gbé láìsinmi, ni ó yẹ kí a máa wò.

Ṣùgbọ́n ti óòmù gan-an ni ó ń dùn mí jù. Óòmù 4 ni wúfà kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gbẹ́ni yìí kó pọ́sítíìfù méjèèjì pọ̀, ó kó nẹ́gátíìfù pọ̀, ó sì kì wọ́n bọ ojú bíríìjì áńpù (ibi tí a ti so ojú méjì áńpù pọ̀ di ọ̀kan kí agbára rẹ̀ lè pọ̀ sí i), èyí tí ó túmọ̀ sí pé óòmù 2 péré ni áńpù ń rí, tí ó sì ń fa iná ìlọ́po méjì ohun tí óòmù 4 ń fà. Ìwé inú páálí sọ ọ́ kedere pé ohun tí ó bá kéré sí 4 kò gbọdọ̀ wọ ojú bíríìjì. Ìwé yẹn ni ó fi nu gíríìsì ọwọ́ rẹ̀! Ó tún yí géènì, bọ́tìnnì kan lára áńpù, dé òpin bí ẹni pé fólúùmù ni, bẹ́ẹ̀ nítorí kí áńpù lè bá rédíò mu ni wọ́n ṣe fi síbẹ̀. Bí ó bá ti kọjá ààlà, ohùn á máa gé lórí, kọ́ìlì (wáyà wíwé) inú wúfà á sì máa yan bí ẹ̀pà.

Ní ọjọ́ kejì, kí n tó dé Odò Ọbà lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́, òórùn ike jíjó gba gbogbo inú ọkọ̀ mi, wúfà kan sì dákẹ́ lójijì. Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Kò sí fíúsì kankan létí bátìrì, níbi tí kò yẹ kí ó jìnnà ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 45 lọ, wáyà tí ó ń gbé iná lọ bá áńpù sì gba inú ihò irin kọjá láìsí rọ́bà tí yóò dáàbò bò ó. Bí irin yẹn bá ti gé e lára ni, iná ìbá ti sọ. Mo fi ọ̀bẹ ha wáyà náà, funfun báláú ni inú rẹ̀: alumíníọ̀mù tí wọ́n fi kọ́pà bò lára, owó kọ́pà ni ó sì gbà lọ́wọ́ mi.

Mo padà lọ bá a. Ó gbé áńpù yẹ̀ wò, ó mi orí, ó ní: “Dádì, áńpù yìí ni kò lágbára. Ẹ jẹ́ ká kúkú ra 5000.”