Curt Flood kò jàre ní kóòtù o

Wọ́n tún ti ń pín in kiri pé Curt Flood, agbábéèsìbọ́ọ̀lù ọmọ Amẹ́ríkà, pe àwọn aláṣẹ eré náà lẹ́jọ́, ó jàre, àtìgbà náà ni àwọn agbábọ́ọ̀lù ti lè yan ẹgbẹ́ tó wù wọ́n. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Ní oṣù Kẹwàá 1969, ẹgbẹ́ St. Louis Cardinals fi í ṣe pàṣípààrọ̀ sí Philadelphia, wọn ò bi í. Ẹni tó ń ṣọ́ àárín ẹ̀yìn pápá, tó gba Gold Glove, àmì-ẹ̀yẹ àwọn tó mọ pápá ṣọ́ jù lọ, lọ́dọọdún láti 1963 dé 1969, tí wọn ò ka àṣìṣe kan ṣoṣo sí lọ́rùn ní gbogbo sáà 1966! Ó kọ̀wé sí Bowie Kuhn, ọ̀gá àgbà eré náà, pé òun kì í ṣe ẹrù tí wọ́n ń rà tí wọ́n ń tà. Kò gbá bọ́ọ̀lù rárá ní 1970. Nígbà tó padà ní 1971, ìdíje 13 péré ló gbá fún Washington.

Ní 1972, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà dá ẹjọ́ tó pe àwọn aláṣẹ náà: adájọ́ márùn-ún ta kò ó, mẹ́ta gbè é lẹ́yìn. Ó tán nìyẹn.

Ọwọ́ Peter Seitz, onílàjà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn agbábéèsìbọ́ọ̀lù méjì, Andy Messersmith àti Dave McNally, ni òmìnira láti yan ẹgbẹ́ ti wá ní oṣù Kejìlá 1975. Òótọ́ ni pé Flood ló kọ́kọ́ ta àwọn ènìyàn jí. Wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe òfin kan ní 1998; ó ti kú lọ́dún tó ṣáájú.