"First-time buyer kì í ní chain": ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín?

Ẹ̀yin èèyàn wa tẹ́ ẹ wà ní Ìlú Ọba níbí, ọ̀rọ̀ kan wà tá a máa ń sọ fúnra wa lóde ìnáwó àti lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, pé ẹni tó bá ń ra ilé àkọ́kọ́ kì í ní chain, ìyẹn ọ̀wọ́ ilé tí rírà àti títà wọn so kọ́ra, ṣebí kò nílé tó fẹ́ tà, oṣù 2 péré kọ́kọ́rọ́ ti wọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Irọ́ ni o. Èmi náà gbà á gbọ́ nígbà témi àtìyàwó mi ń ra ilé ní Chatham, oṣù kẹsàn-án ni wọ́n gba ọ́fà wa, mo ti pe màmá mi n'Íjẹ̀bú pé ilé tuntun la ti máa ṣe Kérésì. Oṣù kẹrin ọdún tó tẹ̀lé e la tó kó wọlé.

Ibi tọ́rọ̀ yẹn ti wá ni pé àwọn éjẹ́ǹtì máa ń pe first-time buyer ní chain-free, inú wa á sì dùn. Ẹni tó ń ta ilé lọ̀rọ̀ yẹn ṣe láǹfààní o, kì í ṣe ẹ̀yin! Ohun tó túmọ̀ sí ni pé kò sẹ́ni tó ń dúró de ẹ̀yin nísàlẹ̀. Àwọn tó wà lókè ńkọ́? Ẹni tó ń tà fún yín fẹ́ ra tiẹ̀, ẹni tó ń tà fún òun náà ń wá ibi tó máa kó lọ, bó ṣe ń gùn lọ nìyẹn. Ẹ̀wọ̀n lẹ̀wọ̀n ń jẹ́, ìdí ẹ̀ ni wọ́n so yín mọ́.

Tiwa, ilé 3 ni. Tọkọtaya tó ń tà fún wa fẹ́ ra ilé ìyá àgbà kan ní Maidstone, ìyá yẹn fẹ́ ra bungalow ní Herne Bay, ẹni tó ni bungalow ti kú, àwọn ọmọ ẹ̀ ló ń tà á, wọ́n sì ń dúró de probate, ìyẹn ìwé àṣẹ tí wọ́n máa gbà kí wọ́n tó lè fọwọ́ kan ohun tólóògbé fi sílẹ̀. Láìsí ìwé yẹn wọn ò lè parí títà. Ẹ ẹ̀ rí nǹkan, òkú tí mi ò mọ̀ rí, tí mi ò jẹ jọ̀lọ́ọ̀fù ìsìnkú ẹ̀, òun ló so mí mọ́lẹ̀ láti ọyẹ́ títí di ìgbà òdòdó.

Èyí tó tún burú ni káwọn èèyàn máa rò pé bí wọ́n bá ti gba ọ́fà yín, ilé ti di tiyín. Ní England àti Wales, títí dọjọ́ exchange, ìyẹn ọjọ́ táwọn lọ́yà máa ṣe pàṣípààrọ̀ ìwé àdéhùn tẹ́ ẹ ti fọwọ́ sí, ìgbà tẹ́ ẹ máa san dìpósíìtì tó sábà máa ń jẹ́ ìdá 10 nínú 100, ẹnikẹ́ni ló lè gbé ẹsẹ̀ ẹ̀ kúrò láìsan kọ́bọ̀ fún yín. (Tàwọn ará Scotland yàtọ̀.) Torí náà ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún láńdílọ́ọ̀dù ní notice kẹ́ ẹ tó ṣe exchange. Ẹ̀gbọ́n mi kan ní Dagenham ṣe é, éjẹ́ǹtì ní "ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀", ọ̀sẹ̀ 7 lòun àtọmọ 3 fi sùn ní pálọ̀ àna ẹ̀, Ghana Must Go kan àjà.

Ìdádúró ń jẹ owó náà o. Ẹ rántí oṣù kẹrin 2025. Kó tó dìgbà yẹn, first-time buyer ní England kì í san stamp duty, ìyẹn owó orí tí ìjọba ń gbà lórí ilé rírà, lórí ilé tí owó ẹ̀ ò ju £425,000 lọ, láti April 1 ó di £300,000. Ẹni tó ń ra ilé £400,000 tí chain ẹ̀ ò parí ní March 31, £5,000 ló san lórí ohun tí ì bá gbà lófo. Mọ́gééjì náà ní ọjọ́ tó ń kú, oṣù 3 sí 6 ni ọ̀pọ̀ ọ́fà báǹkì máa ń gbé. Tiwa ku ọjọ́ 9 péré! Ẹ tètè pe broker, ìyẹn ẹni tó ń bá yín wá mọ́gééjì, ẹ má sì lọ gbé mọ́tò láwìn nígbà tẹ́ ẹ ń dúró, torí báǹkì lè tún yín yẹ̀ wò.

Kí n má purọ́, àwa náà dá wọn dúró. Owó àjọ wà nínú dìpósíìtì wa, lọ́yà fẹ́ mọ orísun gbogbo ẹ̀, bó ṣe rí "Ìyá Ìbejì £1,000" nínú statement nìyẹn, ó kọ̀wé pé ta ni Mrs Ibeji, níbo ni ID ẹ̀ wà. Ọ̀sẹ̀ 3 gbáko. Bẹ́ ẹ bá ń dájọ, ẹ kó owó yẹn sínú àkáǹtì yín lóṣù mélòó kan ṣáájú, kẹ́ ẹ sì tọ́jú àkọsílẹ̀ ẹ̀.

Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá lọ wo ilé, kẹ́ ẹ tó wo kíṣìnì, ẹ bi éjẹ́ǹtì: ilé mélòó ló wà lókè, ta ló ti rí ibi tó ń lọ, ta ni ò tíì rí, ṣé ẹni tó ń tà lè lọ rẹ́ǹtì fúngbà díẹ̀? Bó bá kọ no onward chain síbẹ̀, ìyẹn ni pé ẹni tó ń tà ò dúró de ilé kankan tó fẹ́ rà, ìyẹn gan-an ni chain-free tó kàn yín.

Màmá mi ṣì ń bi mí pé Kérésì ọdún wo gan-an ni mo wí.