Ìbálòpọ̀ Batman àti Batgirl kò sí nínú ìwé 1988

Ọ̀rọ̀ kan ń jà ràn-ìn láàárín àwọn olólùfẹ́ Batman: wọ́n ní àwọn tó bínú sí fíìmù àwòrán Batman: The Killing Joke lọ́dún 2016 kò ka ìwé ìtàn alàwòrán tí wọ́n gbé fíìmù náà kà rí, pé ìbálòpọ̀ Batman àti Batgirl ti wà nínú ìwé náà látilẹ̀.

Irọ́ ni. Alan Moore ló kọ ìwé yẹn, Brian Bolland ló ya àwòrán rẹ̀, ó jáde ní 1988, kò sì sí ojú ewé kankan tí àwọn méjèèjì ti bá ara wọn lò pọ̀. Inú nǹkan bí ìṣẹ́jú 30 tí wọ́n fi kún ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù ló wà. Àwọn tó ṣe é ní àwọn fẹ́ kí Barbara Gordon, ìyẹn Batgirl fúnra rẹ̀, ní ìtàn tirẹ̀ kí Joker, ọ̀tá Batman, tó yìnbọn fún un. Èrò yẹn dára, nítorí ìwé náà kò fún un láyè rárá. Ṣùgbọ́n ìbálòpọ̀ nìkan kọ́ ni ìtàn obìnrin! Ọ̀pọ̀ tó bínú mọ ìwé náà dáadáa. Àfikún yìí gan-an ló bí wọn nínú.