Ẹ Jẹ́ Kí Bakitéríà Aláìléwu Dán Ẹ̀rọ Oúnjẹ Wò

Bí ilé-iṣẹ́ oúnjẹ kan bá sọ pé ooru ẹ̀rọ òun ń pa Salmonella, bakitéríà inú oúnjẹ tó ń fa àìsàn inú, ohun tó yẹ kí aláṣẹ bi í ni pé: ta ló rí i? Ìwé tí ẹni tó ta ẹ̀rọ fún un kọ kò tó ẹ̀rí. Àyẹ̀wò inú ìgò kékeré ní láàbù pàápàá kò tó, nítorí ẹ̀rọ ńlá máa ń ní kọ̀rọ̀ tí ooru kì í ráyè dé dáadáa, oúnjẹ sì lè yára gba inú rẹ̀ kọjá ju bó ṣe yẹ lọ. A fẹ́ kí òfin sọ ọ́ di dandan pé inú ẹ̀rọ yẹn gan-an ni kí wọ́n ti wádìí, kí oúnjẹ ibẹ̀ tó dé ọjà.

Kò sí ẹni tí orí rẹ̀ pé tí yóò mọ̀ọ́mọ̀ gbé Salmonella wọ ibi tí wọ́n ti ń ṣe oúnjẹ. Ìdí nìyẹn tí àwọn onímọ̀ fi ń lo adelé: bakitéríà tí kì í fa àìsàn, àmọ́ tó lágídí tó èyí tó ń fà á, tàbí tó tilẹ̀ fi díẹ̀ jù ú lọ. Wọ́n á ka iye rẹ̀ kó tó wọ ẹ̀rọ, wọ́n á tún ka iye tó yè nígbà tó bá jáde. Bí èyí tó le jù bá kú, èyí tó rọ̀ jù ú ti kú ṣáájú rẹ̀.

Ọgbọ́n yìí ti pẹ́. Láti inú àgbàdo agolo tó bàjẹ́ ni wọ́n ti rí bakitéríà adelé tí wọ́n ń pè ní PA 3679 ní 1927. Ìbátan Clostridium botulinum, bakitéríà tó ń ṣe májèlé apànìyàn, ni, ṣùgbọ́n òun kì í ṣe májèlé yẹn, ó sì ń fara da ooru jù ú lọ. Òun ni àwọn tó ń ṣe oúnjẹ agolo fi ń mọ̀ bóyá ooru wọn tó. Ní Amẹ́ríkà, lẹ́yìn tí Salmonella inú almond tútù láti California ti da àwọn ènìyàn dùbúlẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mejì, ìjọba pàṣẹ ní 2007 pé nínú Salmonella 10,000, ẹyọ kan péré ni kó ṣẹ́ kù lẹ́yìn ìtọ́jú. Enterococcus faecium NRRL B-2354 ni adelé tí wọ́n fi ń dán àwọn ẹ̀rọ náà wò.

Ní 2008 sí 2009, Salmonella inú ẹ̀pà láti ilé-iṣẹ́ kan ní Georgia, ní Amẹ́ríkà kan náà, kó àìsàn bá ènìyàn 714, wọ́n sì ka ikú 9 mọ́ ọn. Ìwà ìbàjẹ́ pọ̀ nínú ọ̀ràn yẹn, a ò ní purọ́ pé àyẹ̀wò nìkan ì bá dá a dúró. Ṣùgbọ́n ó wà lára ohun tí àwọn olùbẹ̀wò kọ sílẹ̀ pé ilé-iṣẹ́ náà kò fi hàn pé bí wọ́n ṣe ń yan ẹ̀pà tó láti pa kòkòrò. Salmonella tó wà nínú oúnjẹ gbígbẹ tàbí ọlọ́ràá sì máa ń yè nínú ooru tí ì bá pa á kíákíá nínú omi.

Ibi tí ara ti ń fu wa ni adelé tí a kò yàn dáadáa. Èyí tó bá yára kú ju kòkòrò àrùn lọ yóò parọ́ fún wa, yóò sọ pé ewu ti tán nígbà tó ṣì kù. Èyí tó le jù yóò mú kí wọ́n jó oúnjẹ lásán. Ìyẹn ṣì sàn. Adelé tó dára fún almond lè má dára fún ìyẹ̀fun, èyí tó sì ṣeé gbára lé níbi ooru lè má ṣeé gbára lé níbi ásíìdì. Nítorí náà, kí wọ́n kọ́kọ́ fi adelé àti kòkòrò àrùn wéra ní láàbù, nínú oúnjẹ kan náà. Kí wọ́n kọ nọ́ńbà ẹ̀yà rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú, torí orúkọ ìdílé nìkan kò tó: àwọn Enterococcus faecium kan wà tó ń da àwọn aláìsàn láàmú ní ilé ìwòsàn, wọn kì í ṣe ẹgbẹ́ B-2354. Oúnjẹ tí wọ́n fi ṣe àyẹ̀wò, kí wọ́n dà á nù.

Àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké yóò sọ pé owó àyẹ̀wò yìí pọ̀, òótọ́ sì ni. Kí láàbù ìjọba máa tọ́jú àwọn ẹ̀yà tó ti yege, kó máa fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́, kó sì máa bá wọn ka èyí tó bá yè.