Ẹ yé fi ìlera wa ṣe sàárà

Bí olóṣèlú kan bá ti ta àtíbàbà sí ìta gbangba ní Òṣogbo yìí, tó ní òun fẹ́ tọ́jú aláìsàn lọ́fẹ̀ẹ́, kíá ni orí Facebook máa kún fún àdúrà. "Ọlọ́run á máa ràn yín lọ́wọ́, sà." "Ẹni tó mọ̀ wá lójú nìyí." Àwọn ìyá àgbà á ti tò láti ìdájí. Wọ́n á yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wọn wò, wọ́n á gba oògùn ọlọ́sẹ̀ méjì, àwọn mìíràn á gba awò ojú. Mi ò bínú sí ẹnikẹ́ni tó lọ gbà á. Àmọ́ ẹ̀jẹ̀ ríru kì í tán lọ́sẹ̀ méjì. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń lo oògùn rẹ̀. Tí wọ́n bá ti ká àtíbàbà, ọ̀dọ̀ ta ni màmá yẹn máa lọ?

Kẹ́mísìtì ni. Á ra ẹyọ mélòó kan, á sì tọ́jú rẹ̀ di ọjọ́ tí orí bá ń fọ́ ọ gan-an. Ọjọ́ tó bá ṣubú, a ó ní ayé ló ṣe é.

Ẹni tó ń gbé Òṣogbo ò lè sọ pé ilé ìwòsàn jìnnà sí òun. Asúbíaró wà níbẹ̀, ilé ìwòsàn ńlá ti UNIOSUN náà wà níbẹ̀, kòrópè ò sì ní pẹ́ gbé yín dé ibẹ̀. Ibi ìsanwó ni ìrìn àjò ti ń le. Nínú náírà 100 tí wọ́n ń ná sórí ìlera ní Nàìjíríà, èyí tó lé ní 70 ló ń jáde látinú àpò aláìsàn àti ẹbí rẹ̀. Ẹni tó ń ta tòmátì ní Ìgbọ̀nà, tí wọ́n bá dá ọmọ rẹ̀ dúró sílé ìwòsàn, owó ọjà ló máa kó san. Ọmọ á gbádùn, ṣùgbọ́n ìsọ̀ á ti pa. Ìwádìí tí wọ́n ṣe káàkiri orílẹ̀-èdè ní 2018 fi hàn pé, nínú iye ọmọ kan náà, bí ọmọ 1 bá kú kó tó pé ọdún 5 láàárín àwọn tó lówó jù, ó ju 3 lọ tó ń kú láàárín àwọn tó tòṣì jù. Ta ló fẹ́ sọ fún mi pé àyànmọ́ nìyẹn?

Ọ̀rọ̀ yìí ò sì yẹ kó ṣàjèjì sí wa. Láwọn ọdún 1950, ìjọba Awólọ́wọ̀ ń tọ́jú ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 lọ́fẹ̀ẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn. Owó orí àwọn baba wa àti owó kòkó ló san án. Ní 1979, nígbà tí Òṣogbo ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, tí Bọ́lá Ìgè di gómìnà, ìtọ́jú ọ̀fẹ́ wà lára ohun mẹ́rin pàtàkì tí UPN, ẹgbẹ́ òṣèlú Awólọ́wọ̀, fi tọrọ ìbò.

Òfin ò tíì tán nílẹ̀. Ní 2001, Abùjá wa níhìn-ín ni àwọn olórí Áfíríkà ti jẹ́jẹ̀ẹ́ pé 15 nínú 100 owó ìṣúná máa lọ sí ìlera. Ìjọba àpapọ̀ wa ò dé ibẹ̀ rí. Òfin ìlera ti 2014 ní kí ìdá 1 ó kéré tán nínú 100 owó tó ń wọlé fún ìjọba àpapọ̀ lọ sí ìtọ́jú alábọ́dé, 2018 ni owó náà ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ inú ìwé ìṣúná. Òfin 2022 sọ adójútòfò ìlera, ìyẹn kí a jọ máa dá owó tí a ó fi tọ́jú ẹni tó bá ṣàìsàn, di dandan fún gbogbo èèyàn, ó sì dá àpò kan sílẹ̀ fún àwọn aláìní. Ọ̀ṣun ní ètò adójútòfò tirẹ̀, O'HIS. Ṣé ẹnikẹ́ni ti wá bá yín sọ ọ́ ní ìsọ̀ yín?

Ẹ bá aláàárù tàbí ìyá ọlọ́jà sọ ọ́, á ní, "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ n ṣàìsàn, mi ò lè máa dá owó àìsàn sílẹ̀." Mo bọ̀wọ̀ fún àdúrà. Ṣùgbọ́n gbogbo wa là ń dá èésú, a kì í sì í bínú pé ẹlòmíràn ló kọ́kọ́ kó o. Bẹ́ẹ̀ náà ni èyí rí: ẹni tí ara rẹ̀ le lónìí ń gbé ẹni tó dùbúlẹ̀. Ìbẹ̀rù àwọn èèyàn ní ìdí o, mi ò ní bò ó. Owó wọn ti bá alájọ sá rí. Ẹni tó bá sì mú káàdì adójútòfò dé ilé ìwòsàn, tí wọ́n ní oògùn ò sí, kó lọ rà á níta, kì í tún fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀ mọ́.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni ti àwa tí owó díẹ̀ wà lọ́wọ́ wa. Tí wàhálà bá bá aláboyún, a ó ní, "Kí ló gbé e dé ilé ìyá àbíyè?" Ẹ jọ̀ọ́, ìyá àbíyè ló mọ orúkọ rẹ̀. Ó ń gba owó díẹ̀díẹ̀, kì í jágbe mọ́ ọn, ó sì wà nílé lóru. Lóòótọ́, tí ẹ̀jẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í dà, kò ní ohun tó lè fi dá a dúró. Nínú obìnrin 4 tí oyún tàbí ìbímọ ń pa lágbàáyé, ó ju 1 lọ tó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Àmọ́ èébú ò ní gbé aláboyún kúrò níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó ń sun ibùdó ìlera alábọ́dé mọ́jú, tí iná àti oògùn wà lọ́wọ́ rẹ̀, ló lè gbé e kúrò. Wọ́ọ̀dù 332 ni Ọ̀ṣun ní, ìlànà ìjọba sì ni pé kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ibùdó kan tó ń ṣiṣẹ́. Mo ti rí èyí tí wọ́n kùn lọ́dà tuntun. Ọ̀dà ò lè gbẹ̀bí.

Tí wọ́n bá tún wá tọrọ ìbò, ìbéèrè mẹ́ta ni mo ní fún wọn. Aláìní mélòó ní wọ́ọ̀dù mi ni orúkọ wọn ti wọ ìwé O'HIS? Ta ló wà ní ibùdó ìlera wa láago méjì òru? Ṣé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wà níbẹ̀ lóṣù yìí? Ẹ̀yin náà, ẹ kọ orúkọ wọ́ọ̀dù yín sísàlẹ̀ níbí, kí ẹ sọ bí ibùdó ìlera tiyín ṣe rí.