Kẹrosíìnì Kì í Jẹ Ìpẹtà

Wọ́n tún ti sọ ọ́ létí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, lọ́dọ̀ fọkanáísà kan ní Òkèsà níbí, nílùú Iléṣà. Ìyá kan gbé kẹ̀kẹ́ ọmọ rẹ̀ wá. Òjò ti pa kẹ̀kẹ́ náà títí, nọ́ọ̀tì, sípóòkì àti ṣéènì rẹ̀ ló ti dógùn-ún. Kí oníṣẹ́ tó lanu, bọ̀ọ̀dá kan tó kàn wá fẹ́ táyà ti gba ọ̀rọ̀ sọ: "Mọ́mì, ẹ lọ rẹ gbogbo ẹ̀ sínú kẹrosíìnì di àárọ̀ ọ̀la. Gbogbo ìpẹtà yẹn ló máa jẹ dànù." Ni gbogbo àwọn tó jókòó síbẹ̀ bá ń mi orí. Bí ìyá yẹn ṣe lọ ra kẹrosíìnì lówó gọbọi nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ náà ti sú mi. Kẹrosíìnì kì í jẹ ìpẹtà. Ẹ rẹ irin sínú rẹ̀ di ọdún tó ń bọ̀, kò ní jẹ ẹ́.

Ẹ ò ní láti lọ jìnnà kí ẹ tó rí ẹ̀rí. Ẹ wo sítóòfù. Ẹni tó bá ti fi sítóòfù olówùú dáná rí mọ bí táńkì rẹ̀ ṣe máa ń rí tó bá gbó. Kẹrosíìnì ló ń gbé inú rẹ̀ tọ̀sán-tòru. Tó bá jẹ́ pé kẹrosíìnì ń jẹ ìpẹtà lóòótọ́, ṣebí inú táńkì yẹn ì bá máa dán gbinrin ni. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ gan-an ló kọ́kọ́ máa ń dógùn-ún, títí yóò fi lu, tí epo á máa kán sílẹ̀, tí a ó sì gbé e tọ wẹ́dà lọ. Dírọ́ọ̀mù onírin àwọn tó ń ta epo ńkọ́? Bákan náà ni. Ẹ ní kí wọ́n da èyí tó ti pẹ́ dorí kodò kí ẹ rí ohun tó máa jáde nísàlẹ̀ rẹ̀.

Ohun tó ń fà á kò le. Lítà omi kan jẹ́ 1,000 gíráàmù. Lítà kẹrosíìnì kan kò ju nǹkan bí 800 lọ. Omi díẹ̀ tó bá ti yọ́ wọnú epo, ìsàlẹ̀ ló ń rì sí. Á jókòó sórí irin, epo á wà lókè rẹ̀, omi á sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ lójú kẹrosíìnì. Kẹrosíìnì tí kò lè dáàbò bo ilé tó ń gbé, nọ́ọ̀tì kẹ̀kẹ́ yín ló fẹ́ wá wò sàn?

Ìpẹtà kì í ṣe ìdọ̀tí tó lẹ̀ mọ́ irin lára. Irin náà gan-an ló ti bá omi àti ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ pọ̀, tó yí padà di nǹkan mìíràn. Epo sì ni kẹrosíìnì, ohun tó bá jọ epo ló lè yọ́: gírísì, ọ́ìlì tó ti gan, ọ̀dà. Ìdí nìyẹn tí kẹrosíìnì inú agolo yín fi ń dúdú tí ẹ fi ń sọ pé "ó ti ń jáde." Gírísì àtijọ́ ló ń jáde, àti èépá ìpẹtà tó ti fẹ́ ṣí fúnra rẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ohun tó tún ń tan àwọn èèyàn jẹ ni àwọ̀. Mo rẹ nọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ mi mọ́jú nínú kẹrosíìnì. Nígbà tí mo yọ ọ́, ó dúdú, ó ń dán, èèyàn lè búra pé ó ti mọ́. Mo gbé e sójú fèrèsé. Bí oòrùn ṣe ń fa epo ara rẹ̀ gbẹ ni àwọ̀ pupa yẹn ń padà, ó bẹ̀rẹ̀ láti igun mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ó ń wọ àárín bọ̀. Kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná, ó ti pọ́n bó ṣe wà. Ó kàn tutù ni, kò mọ́. Èkejì rẹ̀, tó wà lápá kejì ẹsẹ̀ kan náà, omi ọsàn wẹ́wẹ́ ni mo rẹ ẹ́ sí. Ìyẹn ń hó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, omi náà pọ́n. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó ha á, nǹkan dúdú kan ṣí kúrò, ojú irin jáde, mo sì ń rí ìlà inú ihò rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹni tó bá fẹ́ sọ fún mi pé "bàbá mi ló ń ṣe é bẹ́ẹ̀," mo ti gbọ́. Nọ́ọ̀tì tó há ni bàbá yín ń tú. Kẹrosíìnì máa ń rá pálá wọ ibi tóóró, á yọ́ gírísì tó ti gan síbẹ̀, sípánnà á sì gbà á. Kí nọ́ọ̀tì yí yàtọ̀ sí kí ìpẹtà kúrò. Ó dáa, mo gbà pé bí ìpẹtà bá fẹ́lẹ́, tí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha á nínú kẹrosíìnì, yóò kúrò. Búrọ́ọ̀ṣì ló ṣiṣẹ́ o.

Ohun tó ń bí mi nínú jù ni pé ó ń ba nǹkan jẹ́. Gírísì tó wà nínú oríkèé ṣéènì, níbi tí ọwọ́ ò lè dé, ni kẹrosíìnì máa ń fọ̀ jáde. Tó bá gbẹ tán, irin wà níhòòhò. Ẹ jẹ́ kí òjò Iléṣà kan ṣoṣo pa á lẹ́yìn ìyẹn tí ẹ ò kán ọ́ìlì sí i, ẹ máa gbọ́ igbe ṣéènì láti Ìsọ̀kún.

Ohun kíkan ló ń jẹ ìpẹtà. Ọsàn wẹ́wẹ́ ń ṣe é, fíníkà ń ṣe é. Coca-Cola náà ń ṣe é nítorí phosphoric acid, ohun kíkan kan tó wà nínú rẹ̀, àmọ́ ó lọ́ra, ṣúgà rẹ̀ sì ń lẹ̀. Wákàtí díẹ̀ ti tó, ẹ má fi sílẹ̀ mọ́jú: tí kíkan náà bá jẹ ìpẹtà tán, irin tó dáa ló kàn. Ẹ fi omi ṣàn án, ẹ rì í bọ inú omi eérú, irú èyí tí wọ́n fi ń se ọṣẹ dúdú, kó pa kíkan tó kù. Ẹ nù ún, ẹ sá a, kí ẹ sì fi ọ́ìlì pa á lójú ẹsẹ̀. Tí ẹ bá ní ẹ ó pa á tó bá dalẹ́, á ti tún pọ́n. Omi bátìrì tí àwọn kan ń lò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin náà lójú méjì péré.

Ṣùgbọ́n ẹ má gbé ohun tó jẹ́ ààlúmíníọ̀mù sínú omi eérú, ó máa jẹ ẹ́. Ìyẹn kì í dógùn-ún rárá, ẹ̀fun funfun ló máa ń yọ. Àwọn ọwọ́ kẹ̀kẹ́ onírin tó ń dán, tí ìpẹtà bá mú wọn, ẹ rún pépà fàdákà tí wọ́n fi ń wé oúnjẹ, ẹ tẹ̀ ẹ́ bọ omi, kí ẹ fi ha á. Kò ní fá dídán rẹ̀.

Ṣéènì ní tirẹ̀ kò gbọ́dọ̀ fojú kan ọsàn. Àwọn Shimano tó ń ṣe é pàápàá kọ ọ́ sínú ìwé ìlànà wọn pé kí ẹnikẹ́ni má fi ohun kíkan tí wọ́n fi ń yọ ìpẹtà fọ̀ ọ́. Irin líle bẹ́ẹ̀ lè di ohun tó ń ṣẹ́, kó sì já nígbà tí ẹ bá ń gun òkè. Ẹ ha ìta rẹ̀, ẹ kán ọ́ìlì sí oríkèé kọ̀ọ̀kan, kí ẹ máa ká a síwá sẹ́yìn. Èyí tí kò bá ká mọ́, kí ẹ ra tuntun ló kù. Tí ẹ bá sì débi tí wọ́n ti ń tà á, ẹ ní kí wọ́n tú ọ̀rá rẹ̀ kí ẹ wò ó dáadáa, nítorí àwọn kan ti dógùn-ún nínú ọ̀rá kí ẹ tó sanwó.