Iṣu Ẹ̀bá Ọ̀nà La Ní Kí Ẹ Sọ, Ẹ̀ Ń Sọ Ti Irun Orí

Àbúrò mi tó ń gbé ní Newcastle kó àwọn ọmọ rẹ̀ lọ wo Lindisfarne nígbà ìsinmi, erékùṣù kékeré kan ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ya fọ́tò, ó fi sórí WhatsApp ẹbí wa, ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ibí yìí ni àwọn Viking, àwọn olè ojú omi láti ìhà Nọ́rwèy, ti ya lu àwọn mọ́ńkì lọ́jọ́ 8, oṣù Kẹfà, ọdún 793. Kò tíì pé wákàtí kan tí Bọ̀dá wa kan, ẹni tí kò sí ohun tí kò lè fi ṣe ìwàásù, fi ohùn ránṣẹ́. Ìṣẹ́jú mẹ́jọ gbáko. Ó ní ẹ̀ṣẹ̀ àwọn mọ́ńkì yẹn ló wá wọn wálé, pé àdúrà wọn ni kò gbóná. Ká ní wọ́n mọ àdúrà í gbà ni, iná ni ì bá jó ọkọ̀ àwọn ọ̀tá lójú omi.

Àdúrà kẹ̀? Àwọn tó jẹ́ pé iṣẹ́ wọn gan-an nìyẹn! Ìgbà méje lójúmọ́ ni mọ́ńkì ń gbàdúrà, wọ́n á tún dìde lóru láti kọ Sáàmù. Bọ̀dá tó ń sọ̀rọ̀ yìí, ìgbà tí wọ́n bá ń gba ọrẹ ló máa ń dé ìsìn lọ́jọ́ Àìkú.

Àwọn àgbà ní bí a bá ń bá olè wí, ká bá oníṣu ẹ̀bá ọ̀nà náà wí. Ẹni tó kó iṣu síbi tí gbogbo ẹsẹ̀ ń gbà kọjá, ó ní ẹjọ́ tirẹ̀ láti rò. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ tẹ́tí sí òwe náà dáadáa: ibi tó kó iṣu sí ni wọ́n ń bi í, wọn ò bi í bóyá ó gbààwẹ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wo ibi tí iṣu wà. Òkun a máa bo ọ̀nà tó wọ Lindisfarne lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Nígbà tí Aidan, mọ́ńkì kan, tẹ ibẹ̀ dó ní 635, ọgbọ́n ni: ọ̀tá tí wọ́n mọ̀, ẹsẹ̀ tàbí ẹṣin ló ń gbé e wá, òkun sì jẹ́ odi. Àfi bí àwọn ará Nọ́rwèy ṣe kan ọkọ̀ tó gùn, tí ìdí rẹ̀ kò jìn, tó ń rìn nínú omi tí kò mu àgbàlagbà dé ìbàdí. Odi di títì. Kí ló wà lópin títì náà? Ife fàdákà, àgbélébùú wúrà, ìwé Ìhìn Rere tí wọ́n fi òkúta iyebíye ṣe lára èèpo rẹ̀, àti èèyàn tó ṣeé tà lẹ́rú. Wọn ò ní ọmọ ogun tó ń ṣọ́ wọn.

Àwọn tó yẹ kó ṣọ́ ọ̀nà ńkọ́? Ní nǹkan bí ọdún 789, ọkọ̀ mẹ́ta gúnlẹ̀ sí Portland ní gúúsù. Beaduheard, aṣojú ọba ní Dorchester, gbọ́. Ó rò pé oníṣòwò ni wọ́n, ó gẹṣin sáré lọ pàdé wọn pẹ̀lú èèyàn díẹ̀, ó ń pàṣẹ fún wọn pé kí wọ́n kọjá sí ìlú ọba. Ibẹ̀ ni wọ́n pa á sí, òun àtàwọn tó tẹ̀ lé e. Ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ò mọ olè yàtọ̀ sí oníbàárà!

Iona, erékùṣù mọ́ńkì mìíràn létí òkun Skọ́tlándì, ló bí mi nínú jù. Wọ́n jà á lólè ní 795. Wọ́n padà wá ní 802, wọ́n dáná sun ún. Ní 806, wọ́n pa èèyàn 68. Ìgbà yẹn, ní 807, ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé mìíràn sí Kells, nínú ilẹ̀ Írẹ́lándì, tó jìnnà sí òkun díẹ̀. Iná mélòó ló yẹ kó jó èèyàn kó tó gbé àpótí kúrò nídìí ààrò? Síbẹ̀, àwọn kan tún jókòó sí Iona. Ní 825, àwọn Viking ní kí Blathmac fi ibi tí pósí oníyebíye Columba Mímọ́, ẹni tó dá ilé mọ́ńkì Iona sílẹ̀, wà han àwọn. Wọ́n ti rì í mọ́lẹ̀. Blathmac kọ̀, wọ́n pa á. Òun ni mi ò lè bá wí, nítorí wọ́n kúkú ti gbé iṣu tiwọn kúrò lẹ́bàá ọ̀nà.

Bọ̀dá wa sì kọ́ ló kọ́kọ́ ṣe irú ìwàásù yìí. Alcuin, ọ̀mọ̀wé ará York tó ń ṣiṣẹ́ fún ọba Charlemagne lókè òkun, kọ lẹ́tà sí Æthelred, ọba Northumbria tí Lindisfarne wà lábẹ́ rẹ̀, lẹ́yìn ìjàǹbá náà. Ó ní kí wọ́n wo irun àti irùngbọ̀n tí wọ́n ń gé bíi ti kèfèrí. Ó kọ òmíràn sí Higbald, bíṣọ́ọ̀bù Lindisfarne fúnra rẹ̀, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa èèyàn sí ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ó ń kìlọ̀ ọtí àmupara àti aṣọ oge fún un. Irùngbọ̀n! Ṣé irùngbọ̀n ló tukọ̀ wá láti Nọ́rwèy ni?

Bó bá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lẹ fẹ́ sọ, ẹ sọ èyí tó lórúkọ. Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Ní Northumbria yìí kan náà, wọ́n pa Ælfwald ọba ní 788. Wọ́n pa Osred tó ti jọba rí ní 792. Æthelred tó gba lẹ́tà irun, wọ́n pa òun náà ní 796, ará ilé ló sì pa á. Nígbà tí gbogbo ìjòyè bá ń ṣọ́ ẹ̀yìn ara wọn, ta ló fẹ́ ṣọ́ etíkun? Ti Írẹ́lándì tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 764, ọdún 31 kí Viking kankan tó yọjú síbẹ̀, ilé mọ́ńkì Clonmacnoise àti ti Durrow kọjú ìjà síra wọn, èèyàn 200 ló bógun lọ lápá Durrow. Mọ́ńkì àti mọ́ńkì o! Nígbà tí àwọn Viking sì ń jó etíkun lọ, Feidlimid ọba Munster, tó ń pe ara rẹ̀ ní ẹni Ọlọ́run, ló jó ilẹ̀ Clonmacnoise dé ẹnu ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì ní nǹkan bí ọdún 833, tó tún pa nínú àwọn ará ibẹ̀. Ẹni náà ò wọ ọkọ̀ ojú omi wá láti ibì kankan. Ṣé ẹ gbọ́ orúkọ rẹ̀ nínú ìwàásù ìṣẹ́jú mẹ́jọ? Rárá. Ó rọrùn láti bú òkú mọ́ńkì.

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń kó Bíbélì dání lọ kí ẹni tí olè jà, ẹ̀yin ni mò ń bá wí. Nígbà tí olè já ṣọ́ọ̀bù ìyá wa lọ́jà, Bọ̀dá yìí kan náà ló jókòó sórí páálí tí wọ́n ti kó ọjà inú rẹ̀ lọ, tó ń bi ìyá bóyá ó san ìdámẹ́wàá. Àgádágodo tí wọ́n fi irin já wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà rẹ̀. Kò wò ó. Kò bi wọ́n pé èló ni tuntun. Ó mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí ìyá fi ṣe é lálejò, ó gbàdúrà, ó lọ.

Alcuin tí mò ń bú látàárọ̀ pàápàá sàn jù ú lọ. Nínú lẹ́tà tó kọ sí Higbald, lẹ́yìn gbogbo ọ̀rọ̀ ọtí àti aṣọ yẹn, ó ní bí ọba Charlemagne bá ti padà dé, òun á lọ bá a, bóyá nǹkan á wà tí àwọn lè ṣe nípa àwọn ọmọdékùnrin tí wọ́n kó lẹ́rú lọ. Bọ̀dá, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbọ́ ohùn tí ẹ fi ránṣẹ́ látòkè délẹ̀. Ẹ ò fẹnu kan àwọn ọmọ náà.